Igbá Ọtí Tó Fo Ọkọ Mi Dá

Ọjọ́ ìkórè ni ìtìjú wa jáde síta. Kí ó tó di ọjọ́ náà, inú ilé ni a ti ń fi aṣọ bò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọkọ mi, mo máa ń ní ara rẹ̀ kò yá. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ láti ọdún tí mo wọlé wọn. "Ara rẹ̀ kò yá" ni orúkọ tí ọtí ń jẹ́ nílé wa ní Kàbbà.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Òun ló kan àga ìwàásù tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà, ó sì gbẹ́ ewé àjàrà sí etí rẹ̀ yíká. Bí mo bá jókòó láàárín àwọn obìnrin, tí àlùfáà ń wàásù, ewé àjàrà yẹn ni mo máa ń wò, tí inú mi yóò máa dùn pé ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ, ilé mi ló ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ ìkórè yẹn, ó kan ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti jó lọ síwájú pẹ̀lú ọrẹ wọn. Mo de gèlè tuntun, mo ń kọrin. Mo rí ọkọ mi nígbà tó dìde, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí orin ń wí. Ó jó dé iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé iṣu rẹ̀ kalẹ̀, kò sì lè nàró mọ́. Ó ṣubú lé òkìtì iṣu àti ọkà bàbà tí ìjọ kó jọ. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí èjìká wọn tó ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí.

"Ìyàwó, dìde kí o lọ gbé ọkọ rẹ. Bí o bá jókòó síbẹ̀, wọn yóò gbé e tà mọ́ ohun ìkórè."

Mo dìde. Láti ibi tí mo jókòó sí dé iwájú kò jìnnà, ṣùgbọ́n lójú mi, ó jìnnà ju láti Kàbbà dé Ìyámoyè tí wọ́n ti bí mi. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń ṣe bíríkìlà bá mi dì í mú ní apá kejì. Òun náà ti mu díẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ kàn mọ ọ̀nà ju ti ọkọ mi lọ ni. Nígbà tí a gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù, ọkọ mi na ọwọ́, ó fọwọ́ pa ewé àjàrà rẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ mi nìyí." Gbogbo ìjọ gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá àlùfáà wá sílé wa. Kò pariwo. Ó ní kí ọkọ mi má tíì wá síbi oúnjẹ Olúwa títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Òun náà sọ pé "ara rẹ̀". Mo mọ̀ pé ó fi bo àṣírí wa ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n n kò lè gbójú sókè.

Ó yẹ kí n sọ bí ọtí ṣe wọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọkọ mi, nítorí òun kì í ṣe ọmọ ìta. Nígbà náà, bí ènìyàn bá ń kọ́lé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a ṣe é lọ́wẹ̀, ẹni tó nilé yóò sì wá ọtí ọkà bàbà fún wọn. Káfíńtà tó ń gbé igi àjà sókè ni ọtí kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn àwọn àgbà. Igbá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ń mu ún, iye yòówù kí wọ́n jẹ́. Ẹni tó gbé ọtí kalẹ̀ yóò tọ́ ọ wò kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni igbá yóò máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tí igbá bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò gbà á, ìjà ló ń wá. Ẹni tó bá mú ife tirẹ̀ wá láti ilé, ó ti pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní apànìyàn. Báyìí ni ọkọ mi ṣe ń ti orí òrùlé bọ́ sínú igbá. Nígbà tó yá, kò dúró de òrùlé mọ́. Àwọn awakọ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀, lápá etí òkun, bọ̀ a máa gbé ògógóró wá, ó sì ń mu ìyẹn láàárọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè di ayùn mú láìgbọ̀n.

Lẹ́yìn ìkórè yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti lè wò ó. A kò ní ohun tí a lè fi wo àìsàn olówó. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá àìsàn ni. Mo kọ́kọ́ lọ sí dìsípẹ́ńsárì ìjọba. Mo dúró sẹ́yìn títí gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà fi lọ tán, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ohùn mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ní oògùn tí ènìyàn lè lò tí ọtí kò fi ní wù ú mọ́?"

Ọkùnrin náà wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ìyá, bí mo bá ní i, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ lò ó."

Ó bu oògùn inú rírun fún mi kí n má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Mo gbà á, mo sì kí i.

Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ mùsùlùmí gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọkọ mi bá wọn gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ó ní ààwẹ̀ máa ń tún ikùn ènìyàn ṣe. Inú mi dùn sí i, nítorí Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi kì í fi nǹkan kan kan ẹnu. Bí wọ́n bá ṣínu tán, àwọn yóò lọ kírun, òun yóò lọ sí ilé ọtí. Bàbá náà rí i lọ́jọ́ kan, ó ní: "Káfíńtà, ìwọ nìkan ni mo rí láyé mi tó gba ààwẹ̀ mùsùlùmí tó sì fi ògógóró ṣínu." Gbogbo àdúgbò fi ṣe ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín níta, mo wọlé lọ sunkún.

Wọ́n tún sọ fún mi nípa ọkùnrin kan lọ́nà Búnú tó ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Mo lọ wò ó lójú ara mi. Mo bá ọkùnrin kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ tí wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú àbà igi. Ó ní kí n bá òun lé eṣinṣin tó wà lójú òun. Mo bá a lé e. N kò dúró béèrè ohun tí oníṣègùn náà ń gbà.

Bàbá àlùfáà ló padà wá bá mi lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin. Ó ní òun ti ronú lé ọ̀rọ̀ wa lórí. Ó ní abúlé kan wà ní apá Yàgbà, kọjá Ẹ̀júkù, tí àwọn míṣọ́nnárì ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Wọn kò jẹ́ kí ọtí wọ ibẹ̀ rárá, wọn kì í sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Wọ́n ń wá káfíńtà. Òun ti bá nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n pàdé níbi ìpàdé ìjọ, ó sì gbà pé kí a máa bọ̀.

Mo ní, "Bàbá, irú aláìsàn wo ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀?"

Ó ní, "Adẹ́tẹ̀ ni wọ́n."

Mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ìyá ọkọ mi. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Ó da ẹ̀gúsí náà sílẹ̀.

"Àárín adẹ́tẹ̀? Ìyàwó, ta ló rán ọ sí mi?"

"Ìyá, ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́."

"Ọ̀fẹ́! Ẹ̀tẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kó o. O ti rí ẹni tó ra ẹ̀tẹ̀ rí?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Gbọ́. Ọ̀mùtí pọ̀ nílùú yìí, a kò lé ìkankan sígbó. Bí ọmọ mi bá dé ọ̀hún, kódà kó jẹ́ ọjọ́ kan péré, adẹ́tẹ̀ ló dà lójú ayé. Ta ni yóò wá fẹ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Jẹ́ kó máa mutí rẹ̀."

Ohun tó wà lọ́kàn tèmi náà ló sọ síta. Mo padà lọ sọ fún bàbá àlùfáà pé a ṣì ń ronú.

A ò tíì ronú tán tí àáké fi bá wa ronú. Ọkọ mi ń gbẹ́ igi àjà lọ́wọ́ láàárọ̀ kan, ó ti mu tirẹ̀ kó tó jáde, àáké yẹ̀ lórí igi, ó gé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì dànù. Wọ́n gbé e wálé. Wọ́n dì í fún un ní dìsípẹ́ńsárì, ṣùgbọ́n egbò náà kò jinná. Àwọn tó ń mutí kì í jẹun, ẹni tí kò jẹun kì í sì í tètè san. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ó wà lórí ẹní, ó ń bẹ̀ mí pé kí n lọ bá òun ra ọtí wá, nítorí ìrora. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ mú aṣọ ìbora tirẹ̀ wá, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Òtútù máa ń mú lápá ibẹ̀." Ohun tó sọ nìyẹn.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni a bá lọ. Obìnrin kan jókòó ti ọkọ mi lórí pákó, ó ń ṣàánú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kí i bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa, ó ní, "Òkun o, bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Níbo lẹ ń lọ?" Mo tètè fèsì pé Ẹ̀júkù ni. Ó bu ẹ̀pà fún ọkọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá Ẹ̀júkù tí a kò sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Nígbà tí mo wá pe awakọ̀ pé kó dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí gbogbo ènìyàn mọ ibi tó lọ, gbogbo ọkọ̀ yíjú sí wa. Obìnrin náà fi etí aṣọ rẹ̀ nu ibi tí ọkọ mi jókòó sí, ó da ìyókù ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé ẹrù sórí. Láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹnìkan rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe káfíńtà Kàbbà nìyẹn?" Mo mọ̀ pé ìròyìn náà yóò délé kí alẹ́ tó lẹ́.

Òyìnbó ni nọ́ọ̀sì àgbà náà, ṣùgbọ́n ó ń sọ èdè Yàgbà bí ẹni tí wọ́n bí ní Ìsánlú. Ó tú aṣọ tí a fi di ẹsẹ̀ náà, ó wò ó, ó béèrè pé kí ló gé e. Mo ní àáké ni. Ó ní òun mọ̀ pé àáké ni, kí ló wá ṣe ọwọ́ tó di àáké mú? Mo la ẹnu láti sọ pé ara rẹ̀ kò yá. Ọkọ mi ṣáájú mi.

Ó ní, "Ọtí ni, Ìyá. Ọtí ni mo ń mu."

Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo bojú wo ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Ẹ ṣeun. N kò ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ọtí. Ṣùgbọ́n a óò wo ẹsẹ̀ yìí, a óò fún yín ní oúnjẹ, ọtí kò sì ní í dé ibí. Bí ara yín bá le, ẹ óò kan ibùsùn fún wa. Ìyàwó yín yóò dúró tì yín, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní rọrùn."

Òótọ́ ló sọ. Ọkọ mi gbọ̀n bí ewé. Ó làágùn, ó bì, ó ń gbá èèrà tí kò sí níbẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó pè mí ní orúkọ tí n kò lè kọ síbí. Àwọn àdúrà tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tán lẹ́nu mi, mo kàn ń wí pé "Olúwa, Olúwa" láìsí ohun tó tẹ̀lé e.

Ìyá arúgbó kan ń gbé nínú yàrá tó kángun sí tiwa. Àrùn náà ti jẹ gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n fi okùn so ṣíbí mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń jẹun. Lọ́jọ́ kan mo lọ pọn omi, mo sì bá a nígbà tí mo dé, ó jókòó ti ọkọ mi, ó ń fi ṣíbí náà fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹsẹ̀ mi dúró. Omi orí mi ń dà sí mi lára.

Ìyá náà rí mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọlé, ìyàwó. Àrùn tèmi kì í gba inú ẹ̀kọ wọlé. Ti ọkọ rẹ ló gba inú igbá wọlé."

Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ omi kalẹ̀. Ọkọ mi sì ń la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó dúró níkùn rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí àlàáfíà dé díẹ̀, mo padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kan ibùsùn, ó kan ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti lọ. Ó gbẹ́ ti ìyá arúgbó yẹn ní èyí tó ní ihò tí apá rẹ̀ lè wọ̀, nítorí kò ní ìka tó lè fi dì í mú. Ìgbà tí wọ́n ń kórè ọkà bàbà ló padà wá sí Kàbbà. Ó sanra. Ó ń tiro díẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ẹni tí mo fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é síbi ọ̀wẹ̀ kan, nítorí ilé náà kò lè wọ àjà láìsí káfíńtà. Èmi náà lọ bá àwọn obìnrin dáná. Mo mọ ohun tí mo lọ ṣe níbẹ̀: ojú ni mo lọ fi ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ dára lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí mo ti rí i tí wọ́n gbé ìkòkò ọtí jáde sábẹ́ igi, mo gbé ojú kúrò nídìí iná. Bí igbá bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò gbà á, ó ti bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Bí ó bá sì gbà á, mo ti rí àáké yẹn, mo ti rí èèrà lára ògiri.

Ẹni tó nilé tọ́ ọtí wò. Igbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bíríkìlà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jókòó tì í, ó mu tirẹ̀, ó nu ẹnu, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ mi níbi tí ìka méjì kò sí mọ́. Ó wá na apá rẹ̀ gùn, ó gbé igbá náà kọjá iwájú ọkọ mi, ó gbé e lé ẹni kejì lọ́wọ́.

Ẹni tó gbà á náà mu, ó gbé e lọ. Ìyàwó onílé wá bu kùnú, omi ọkà tí kò ní ọtí nínú, sínú agolo kan, irú èyí tí wọ́n fi ń bu omi fún adìẹ, ó rọra gbé e sílẹ̀ níwájú ọkọ mi, ó sì tètè fà sẹ́yìn.

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ara kò rọ̀. Ó ní, "Káfíńtà, má bínú. O mọ̀ pé o ti dàlejò. Agolo tìẹ nìyẹn, máa mú un lọ sílé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dìde nídìí iná. Gbogbo ara mi ń gbóná. Ó wà lẹ́nu mi láti kígbe pé: kì í ṣe ẹ̀tẹ̀! Àáké ló gé e! Ọtí ló gbé e débẹ̀! Bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò gbà mí gbọ́, wọn yóò bẹ̀ ẹ́, wọn yóò sì gbé igbá náà padà fún un kíákíá láti fi pẹ̀tù sí i. Ìyẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ọkọ mi gbójú sókè, ó wò mí láàárín gbogbo wọn, ó mi orí díẹ̀ pé kí n má sọ ọ́. Ó gbé agolo, ó mu kùnú rẹ̀ tán, ó kí onílé, ó sì padà gun òrùlé lọ.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó so gèlè mọ́ ìdí. Ó ní òun ń lọ sọ́jà láti sọ fún wọn pé ọmọ òun kì í ṣe adẹ́tẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ìyá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

"Kí n fi wọ́n sílẹ̀? Wọ́n ń bu omi fún ọ bí adìẹ!"

"Kùnú ni, Ìyá. Ó sì dùn."

"O ti ya wèrè."

"Bí wọ́n bá mọ òtítọ́ lónìí, igbá yóò dé ọ̀dọ̀ mi lọ́la. N kò tíì lágbára tó. Ẹ jẹ́ kí n fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀sín yìí ná."

Ìyá náà jókòó, ó sì sunkún. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá àlùfáà bóyá irọ́ ni a ń pa. Ó ronú. Ó ní, "Ẹni tó bá bi yín, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Ẹni tí kò bi yín, ẹ kò jẹ ẹ́ lésì." Kò sì sẹ́ni tó bi wá, nítorí nílẹ̀ wa, a kì í bi ènìyàn irú rẹ̀ lójú. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Àkàrà tí mo ń dín tà ń tutù nínú igbá, àwọn tó máa ń rà á ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sóko. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlàfo máa ń wà lórí àga láàárín èmi àti ẹni tó jókòó tì mí. Àkọ́bí mi obìnrin dé láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun mu omi nínú ìkòkò wọn. Mo gbá a mọ́ra. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lálaalẹ́ pé ọkọ mi sùn láìsí òórùn ọtí lára rẹ̀, mo sì máa ń bẹ̀ Ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kó gba ìtìjú náà kúrò. Àdúrà méjèèjì kò lè jọ gbà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbà wọ́n.

Òjò ti rọ̀, ó ti dá, ó sì tún ti ń rọ̀ nígbà tí Bíríkìlà wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti já bọ́ láti orí ògiri tó ń mọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì fi itan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí a má baà rí i. Ọkọ mi kò bi í léèrè. Ó bu kùnú sínú agolo náà, nítorí ó mú un wálé lóòótọ́ lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ yẹn, ó tọ́ ọ wò gẹ́gẹ́ bí onílé, ó sì nà án sí i.

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bíríkìlà wo agolo. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ mi. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbà á, ó fi ẹnu rẹ̀ sí ibi tí ẹnu ọkọ mi ti kúrò, ó sì mu ún.

Ó ní, "Káfíńtà, ibi tí o lọ yẹn. Mo gbọ́ pé ọtí kì í wọ ibẹ̀. Mo gbọ́ pé wọn kì í gba nǹkan kan. Bí mo bá tilẹ̀ máa kó ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, ó sàn ju èyí lọ." Ó nu ojú. "Ìgbà wo ni tìẹ bẹ̀rẹ̀?"

Ó ti bi wá léèrè. Mo jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bàbá wọn, bí o bá sọ fún un, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́. Igbá yẹn yóò padà wá."

Ọkọ mi ní, "Mo mọ̀, Ìyá wọn."

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìkórè dé àáké dé ṣíbí ìyá arúgbó. Bíríkìlà gbọ́ tán, ó di orí mú. Ó ní, "O jẹ́ kí n bu omi fún ọ nínú agolo adìẹ!"

"Ìwọ kọ́ lo bù ú. Ìyàwó onílé ni."

"Mo gbé igbá kọjá lójú rẹ, o sì dákẹ́!"

"Oore tó tóbi jù lọ tí o ṣe fún mi láyé nìyẹn."

Igbá náà padà lóòótọ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, yóò sì gbé e fún ẹni tó kàn. Wọ́n bínú sí i, nígbà tó yá, ó sú wọn. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí, títí di ọjọ́ tó kú ní arúgbó.

A mú Bíríkìlà lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nínú ọkọ̀ akẹ́rù, lórí pákó bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo pe awakọ̀ pé kó dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹsẹ̀ náà, gbogbo ọkọ̀ tún yíjú sí wa. N kò ní purọ́, ojú ṣì tì mí. Ìyá kan ti ń fi etí aṣọ nu pákó.

Bíríkìlà yíjú sí i. Ó ní, "Ìyá, ẹ má dá ara yín láàmú. Ọ̀mùtí lásán ni mí. Ọtí kì í ràn."

Ọkọ mi ti wà nílẹ̀, ó na ọwọ́ sí i.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ? Ó ń ràn. Sọ̀ kalẹ̀."